Bí Ọdún Ìjọ Àgùdà Ṣe Dàgbà, àti Bí Ó Ṣe Ń Tọ́ Ọkàn

Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ni kàlẹ́ńdà ara ògiri wa máa ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún Ìjọ Àgùdà ti máa ń rìn jìnnà kí ọjọ́ náà tó dé. Ọjọ́ Àìkú tí ó bá súnmọ́ ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá jù lọ ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìyẹn Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú Ádífẹ́ǹtì. Láti ibẹ̀ ni a ti ń bọ́ sí Kérésìmesì, láti Lẹ́ńtì dé Àjíǹde, títí ọdún yóò fi parí lọ́sẹ̀ tí ó tẹ̀lé àjọ̀dún Kristi Ọba. Ẹni tí ó bá ń wò ó láti òkèèrè lè rò pé àwọn kan jókòó ní Róòmù lọ́jọ́ kan, wọ́n sì to gbogbo rẹ̀ kalẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Díẹ̀díẹ̀ ni ó dàgbà, fún ohun tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún, àwọn ènìyàn sì ti ń gbé inú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀. Ó yẹ kí á mọ èyí tí ó ṣáájú àti èyí tí ó tẹ̀lé, nítorí púpọ̀ nínú wa ti gbé èyí tí ó tẹ̀lé ṣáájú.

Ọjọ́ Àìkú ló ṣáájú

Àwọn Kristẹni àkọ́kọ́ kò ní Kérésìmesì, wọn kò sì ní Lẹ́ńtì. Ohun tí wọ́n ní ni ọjọ́ kìíní ọ̀sẹ̀, ọjọ́ tí Olúwa jí dìde. Ní nǹkan bí ọdún 112, Pliny, tí ó jẹ́ gómìnà ní apá kan ilẹ̀ tí à ń pè ní Tọ́kì lónìí, kọ̀wé sí ọba Róòmù pé àwọn Kristẹni a máa péjọ ní ọjọ́ kan pàtó kí ilẹ̀ tó mọ́, wọn a sì máa kọrin sí Kristi bí ẹni ń kọrin sí Ọlọ́run. Ní nǹkan bí ọdún 155, Justin, tí wọ́n padà pa ní Róòmù nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀, ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ìpàdé ọjọ́ náà. Wọn a ka ìwé àwọn àpọ́sítélì tàbí ti àwọn wòlíì níwọ̀n bí àyè bá ṣe gbà wọ́n. Olórí a gba àwọn ènìyàn níyànjú. Gbogbo wọn a dìde gbàdúrà, wọn a gbé búrẹ́dì àti wáìnì pẹ̀lú omi wá, àwọn díákónì a sì gbé ti àwọn tí kò lè wá lọ bá wọn nílé. Ẹni tí ó lọ sí Mísà lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá yóò mọ ìpàdé yìí dunjú.

Ọjọ́ iṣẹ́ sì ni ọjọ́ náà nígbà náà. Ọdún 321 ni Constantine, ọba Róòmù, tó pàṣẹ pé kí àwọn adájọ́ àti ará ìlú máa sinmi lọ́jọ́ Àìkú. Kí ó tó dìgbà náà, ẹrú tí ó bá fẹ́ bá àwọn ará jọ́sìn ní láti jí kí olówó rẹ̀ tó jí.

Inú ọjọ́ Àìkú yìí ni ọdún Àjíǹde ti jáde, ó sì dá ìjà sílẹ̀. Àwọn ìjọ ilẹ̀ Éṣíà ń ṣe é ní ọjọ́ 14 oṣù Nísàn àwọn Júù, ọjọ́ yòówù kí ó bọ́ sí nínú ọ̀sẹ̀. Róòmù ní ọjọ́ Àìkú nìkan ni. Polycarp, bíṣọ́ọ̀bù Smyrna, tí ó ti darúgbó, rìnrìn àjò lọ bá Póòpù Anicetus lórí ọ̀rọ̀ náà ní nǹkan bí ọdún 155. Wọn kò fẹnu kò, ṣùgbọ́n Póòpù fi pẹpẹ fún àlejò rẹ̀ láti ṣe ìsìn, wọ́n sì fi àlàáfíà pínyà. Ní nǹkan bí ọdún 190, Póòpù Victor, tí ìtàn sọ pé ọmọ Áfíríkà ni, fẹ́ yọ àwọn ará Éṣíà kúrò nínú ìjọ tìtorí ọjọ́ yìí. Irenaeus ti ìlú Lyon ló bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣe sùúrù. Ìgbìmọ̀ àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Nicaea lọ́dún 325 ló parí ẹjọ́ náà: kí gbogbo ìjọ ṣe é ní ọjọ́ Àìkú kan náà. Ìlànà tí ó wá fìdí múlẹ̀ ni pé ọjọ́ Àìkú tí ó bá tẹ̀lé òṣùpá àrànmọ́jú àkọ́kọ́ láti ọjọ́ 21 oṣù Kẹta ni. Ìdí nìyí tí Àjíǹde fi ń sún láàrin ọjọ́ 22 oṣù Kẹta àti ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin, tí ó sì ń fa Lẹ́ńtì àti Pẹ́ńtíkọ́sì kiri pẹ̀lú ara rẹ̀.

Ààwẹ̀ dé lẹ́yìn ọdún

Nínú lẹ́tà tí Irenaeus kọ sí Victor, ó ní àwọn kan ń gbààwẹ̀ ọjọ́ kan ṣáájú Àjíǹde, àwọn kan ọjọ́ méjì, àwọn mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ogójì ọjọ́ nígbà náà. Nínú òfin Nicaea ni a ti kọ́kọ́ rí orúkọ ogójì ọjọ́ náà kedere, Athanasius, bíṣọ́ọ̀bù Alẹkisáńdíríà, sì ń rọ àwọn ará Íjíbítì nínú lẹ́tà Àjíǹde tí ó máa ń kọ sí wọn lọ́dọọdún pé kí wọ́n pa á mọ́. Nítorí àwọn tí yóò ṣèrìbọmi lóru Àjíǹde ni ó ṣe gbilẹ̀: ìjọ tó kù ń bá wọn gbààwẹ̀, bí ìdílé ṣe ń bá ẹni tí ń rọbí ṣọ́ òru.

Obìnrin kan tí ń jẹ́ Egeria fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ó ti ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù lọ sí Jerúsálẹ́mù láàrin ọdún 381 sí 384, ó sì kọ ohun gbogbo tí ó rí ránṣẹ́ sí àwọn arábìnrin rẹ̀ nílé. Ìwé náà sọnù fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó rí ẹ̀dà kan ní ìlú Arezzo ní Ítálì lọ́dún 1884, tí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin rẹ̀ ti já dànù. Egeria ní bíṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ ló ń jókòó kọ́ àwọn tí yóò ṣèrìbọmi ní Ìwé Mímọ́, wákàtí mẹ́ta lójúmọ́. Ó ròyìn bí àwọn ènìyàn ṣe ń ti Òkè Ólífì bọ̀ wá sí ìlú pẹ̀lú imọ̀ ọ̀pẹ àti ẹ̀ka ólífì, tí wọ́n gbé àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ dání. Ní Ọjọ́ Ẹtì Mímọ́, bíṣọ́ọ̀bù jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ igi Àgbélébùú mọ́ orí tábìlì, àwọn díákónì sì dúró yí i ká. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ń kọjá, ó ń fi iwájú orí àti ojú kàn án, ó ń fi ẹnu kò ó, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ìdí ni pé ẹnì kan ti fi eyín gé nínú igi náà rí, ó sì gbé e lọ.

Nígbà tí ó yá, àwọn ará Róòmù ṣírò pé wọn kì í gbààwẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, nítorí náà ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò ju ọjọ́ 36 lọ. Wọ́n fi mẹ́rin kún un, ó sì di ogójì. Bí Lẹ́ńtì ṣe di ohun tí ń bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́rú nìyẹn. Àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ tí ń ronú pìwà dà ní gbangba nìkan ni wọ́n ń bu eérú lé lórí tẹ́lẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ Lẹ́ńtì. Ìgbìmọ̀ kan tí Póòpù Urban Kejì pè ní Benevento lọ́dún 1091 ló ní kí gbogbo onígbàgbọ́, àlùfáà àti ọmọ ìjọ, ọkùnrin àti obìnrin, máa gba eérú.

Ṣùgbọ́n kí Lẹ́ńtì tó ní ogójì ọjọ́ ni Àjíǹde ti ní àádọ́ta. Tertullian ti Carthage, ní àríwá Áfíríkà, kọ ọ́ ní nǹkan bí ọdún 200 pé láti Àjíǹde dé Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn kì í gbààwẹ̀, àwọn kì í sì í kúnlẹ̀ gbàdúrà. Nicaea sọ ìdúró yẹn di òfin. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rò ó dáadáa: ìgbìmọ̀ àwọn bíṣọ́ọ̀bù, tí púpọ̀ nínú wọn ti jìyà nígbà inúnibíni, jókòó, wọ́n ṣòfin pé kí ènìyàn dìde dúró nítorí ayọ̀.

Kérésìmesì àti èyí tó kù

Ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá kọ́kọ́ hàn gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ìbí Kristi nínú ìwé kàlẹ́ńdà Róòmù kan ti ọdún 354, tí wọ́n gbà pé àkọsílẹ̀ ọdún 336 wà nínú rẹ̀. Àwọn ìjọ Ìlà-oòrùn ń ṣe ọdún Ìfarahàn Olúwa ní ọjọ́ 6 oṣù Kìíní. Nígbà tó ṣe, apá méjèèjì yá ọdún ara wọn lò. Ádífẹ́ǹtì wá láti ilẹ̀ Gaul, tí à ń pè ní Faransé lónìí, níbi tí Perpetuus, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Tours, ti ṣètò ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ láti ọjọ́ Mátíínì Mímọ́ títí di Kérésìmesì. Róòmù dín in kù sí ọjọ́ Àìkú mẹ́rin. Bíbọ̀ Olúwa nígbà ìkẹyìn ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ń wò. Láti ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ni ó tó kọjú sí Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Àwọn ọdún mìíràn tẹ̀lé e: Ara Kristi lọ́dún 1264, Mẹ́talọ́kan Mímọ́ fún gbogbo ìjọ lọ́dún 1334, Kristi Ọba lọ́dún 1925, nígbà tí ọgbẹ́ ogun àgbáyé kìíní kò tíì jinná.

Ẹrù tí à ń kó lé ara wọn a máa bo ti ìsàlẹ̀. Ọdún àwọn ẹni mímọ́ pọ̀ dé ibi pé wọ́n ń gba àyè ọjọ́ Àìkú. Ìsìn òru Àjíǹde gan-an ti sún di òwúrọ̀ Sátidé, tí wọ́n ń tan iná Àjíǹde nígbà tí oòrùn ti ràn. Póòpù Pius Kejìlá ló dá a padà sí òru, ní ọdún 1951 gẹ́gẹ́ bí ìdánwò, ní ọdún 1955 pẹ̀lú gbogbo Ọ̀sẹ̀ Mímọ́. Ìgbìmọ̀ Vatican Kejì sọ ọ́ ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ọdún 1963 pé ọjọ́ Àìkú ni ìpìlẹ̀ ọdún ìjọ, Póòpù Paul Kẹfà sì tún kàlẹ́ńdà tò lọ́dún 1969. Ìgbà náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí í ka Mátíù, Máàkù àti Lúùkù ní ọdún mẹ́ta tí ń yí po, tí Jòhánù sì gba àkókò Àjíǹde.

Ní ilẹ̀ wa

Kí àlùfáà kankan tó máa gbé Èkó ni ọdún ìjọ ti wà níbẹ̀. Àwọn tí ó ti oko ẹrú Brazil padà wá ni wọ́n gbé e dé. Ọkùnrin kan nínú wọn, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Padre Antonio bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe àlùfáà, ń kó wọn jọ fún àdúrà, ó ń ṣe ìrìbọmi, ó ń kọ́ ọmọdé lẹ́kọ̀ọ́ ìsìn. Ìjọ yìí ni Fadá Francesco Borghero bá nígbà tí ó dé Èkó lọ́dún 1863. Ọdún 1868 ni àwọn fadá tó wá fìdí kalẹ̀ níbẹ̀. Ní Porto-Novo, àwọn ọmọ Àgùdà ṣì ń ṣe ọdún Bonfim, tí àwọn baba wọn mú ti Brazil bọ̀, ní oṣù Kìíní títí di òní.

Lọ́dún 1947, Fadá Kevin Carroll àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Bándélé, ọmọ Àreògún ti Òsì, àti Làmídì Fákẹ́yẹ ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún wà lára àwọn agbẹ́gilére ibẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti gbẹ́ ère Ìbí Olúwa tí ojú wọn, aṣọ wọn àti ìkúnlẹ̀ wọn jẹ́ ti Yorùbá. Mùsùlùmí ni Làmídì, iṣẹ́ náà kò sì já lọ́wọ́ rẹ̀.

Ojú ọjọ́ wa pàápàá ti bá ọdún náà mulẹ̀. Ọyẹ́ ni ó ń bá wa ṣe Ádífẹ́ǹtì. Inú ẹ̀rùn ni Lẹ́ńtì máa ń bọ́ sí, tí ooru ń mú, tí omi kànga ń lọ sílẹ̀, tí ẹni tó ń gbààwẹ̀ mọ̀ pé òun ń gbààwẹ̀. Àkọ́rọ̀ òjò ni ó sì sábà máa ń pàdé Àjíǹde.

Ohun tí ó ń ṣe nínú ẹni

Agbára ọdún yìí wà nínú pé kì í bi wá léèrè ohun tí ó wù wá. Ẹni tí inú rẹ̀ dùn yóò gba eérú. Ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́ yóò gbọ́ Halelúyà. Àwọn ọ̀sẹ̀ 33 tàbí 34 tí àlùfáà ń wọ aṣọ àwọ̀ ewé, tí kò sí ààwẹ̀ tí kò sì sí àríyá, ni mo kà sí ibi tí ìdàgbàsókè ti ń ṣẹlẹ̀ jù. Ìhìn Rere kan ni à ń kà lọ díẹ̀díẹ̀ lọ́sẹ̀ sí ọ̀sẹ̀, a ń tẹ̀lé Jésù láti abúlé dé abúlé. Ẹni tí ó gbọ́ Lúùkù nígbà tí bàbá rẹ̀ wà láyé, tí ó tún gbọ́ ọ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tí ó ti sin bàbá náà, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó gbọ́, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ náà bá a kì í ṣe ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀.

Ohun méjì ń dùn mí. Èkíní ni pé a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Ádífẹ́ǹtì. Kí oṣù Kejìlá tó dé ni orin Kérésìmesì ti gba gbogbo ọjà, nígbà tí ọjọ́ 25 bá sì dé, ó ti sú wa. Ìkejì burú jù ú lọ: a mọ Lẹ́ńtì ṣe, a kò mọ Àjíǹde ṣe. A ń kún ilé ìjọsìn fún Ọ̀nà Àgbélébùú lọ́jọ́ Ẹtì, a ń fi ẹran sílẹ̀, a ń ṣàánú, ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn Ajé Àjíǹde, gbogbo rẹ̀ ti parí lójú wa, bí ẹni pé ààwẹ̀ ni òpin ìrìn náà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ bá gbààwẹ̀ ogójì ọjọ́ lọ́dún tó ń bọ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ ṣe àádọ́ta ọjọ́ Àjíǹde pẹ̀lú. Ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì ni à ń kà nínú Mísà lójoojúmọ́ lákòókò náà. Ẹ kà á nílé pẹ̀lú àwọn ọmọ yín. Owó tí ẹ ti ń yà sọ́tọ̀ fún àwọn aláìní ní Lẹ́ńtì, ẹ má ṣe dá a dúró. Ẹ lọ kí àwọn tí wọ́n ṣèrìbọmi lóru ọjọ́ náà, kí ẹ sì mọ orúkọ wọn kí Pẹ́ńtíkọ́sì tó dé.