Ọyẹ́ 1983 àti Iná Tó Wọ Oko Kòkó

Nínú oṣù Èrèlé, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun mọ bí ọjọ́ ṣe máa rí. Láàárọ̀, ọyẹ́ á fẹ́ débi tí ètè á bẹ́, tí àwọn ọmọdé á jókòó ti iná. Tó bá di ọ̀sán, oòrùn á mú bí ẹni pé ọyẹ́ ò fẹ́ rí. Lọ́jọ́ kejì, ìkùukùu á bo ojú títì pátápátá. Nígbà mìíràn, òjò kan á já lójijì, á rọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, àwọn àgbẹ̀ á wá máa bi ara wọn pé, ṣé àkọ́rọ̀ nìyí àbí ó kàn ń tàn wá ni?

Ní Mamu àti gbogbo agbègbè Àríwá Ìjẹ̀bú, ó nídìí tó fi ń rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ méjì ló ń du ilẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀kan ń bọ̀ láti apá Sàhárà, ó gbẹ, ó sì ń ru eruku bọ̀ láti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, níbi tí adágún omi ńlá kan wà láyé ọjọ́un kó tó gbẹ. Èkejì ń bọ̀ láti òkun, ó ru omi. Ní Ṣẹ́rẹ́ àti Èrèlé, ibi tí àwọn méjèèjì ti ń pàdé kì í jìnnà sí etíkun. Bó bá sún sí gúúsù, ọyẹ́ á dé Abigi àti Ìwópin létí ọ̀sà. Bó bá padà sókè, ọ̀rinrin òkun á dé ọ̀dọ̀ wa. Ojú ààlà là ń gbé.

Lọ́dọọdún, afẹ́fẹ́ òkun ló máa ń borí nígbẹ̀yìn. Lọ́dún 1983, kò tètè borí. Ẹ rántí pé ọdún mẹ́ta péré ṣáájú ìyẹn, ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980, omi Ògùnpa ya wọ ilé àwọn èèyàn n'Ìbàdàn, ó sì gbẹ̀mí púpọ̀. Àwọn tó sá fún omi lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n tún wá ń wojú ọ̀run wá òjò. Òkun Pàsífíìkì ló gbóná ju bó ṣe yẹ lọ ní 1982 sí 1983, ohun tí wọ́n ń pè ní El Niño, ojú ọjọ́ sì dà rú káàkiri ayé. Níhìn-ín, ọyẹ́ pẹ́, òjò falẹ̀, iná sì wọ oko kòkó.

Ta ló dáná? Ìbéèrè tí gbogbo èèyàn ń bi ara wọn nìyẹn. Àwọn kan ní ọdẹ tó ń fi èéfín lé òkété ni, àwọn mìíràn ní àgbẹ̀ tó ń sun oko àgbàdo ni. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ayé baba ńlá wa ni ọdẹ ti ń dáná, tí àgbẹ̀ sì ń sun oko ní Èrèlé kí àkọ́rọ̀ tó dé. Iná wọn kì í wọ igbó kìjikìji, nítorí abẹ́ igbó máa ń tutù lẹ́ẹ̀rùn pàápàá. Kí ló wá yí padà?

Lójú tèmi, koríko kan ló yí i padà. Ní 1937, wọ́n kó èso igi Gmelina wá sí Enúgu láti Sri Lanka, irú igi tí ìjọba wá gbìn rẹpẹtẹ lẹ́yìn náà sínú igbó ọba Ọmọ nítorí ilé iṣẹ́ bébà Ìwópin. Èso koríko kan bá wọn wọlé láìròtẹ́lẹ̀. Ìgbà tó fi máa gba gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ìjà Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá ti bẹ́ sílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, àwọn èèyàn bá fi orúkọ òṣèlú sọ ọ́. Bí àwọn kan ṣe ń pè é ní ewé Akíntọ́lá ni àwọn mìíràn ń pè é ní ewé Awólọ́wọ̀, ó kù sí ẹgbẹ́ tí kálukú wà. Ní Gánà, Acheampong ni wọ́n ń pè é. Mi ò mọ koríko mìíràn tó jẹ orúkọ olórí tó bẹ́ẹ̀!

Ewé náà wúlò o. Bí àdá bá géni lóko, òun la máa ń fún sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá. Àmọ́ ibikíbi tí wọ́n bá ti gé igbó tí wọ́n sì pa á tì, òun ló máa ń hù bò ó. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, igi rẹ̀ á gbẹ ganrangan. Ẹ ṣáná sí i, kò ní kú bọ̀rọ̀.

Ilẹ̀ tí wọ́n pa tì sì pọ̀ nígbà náà. Owó epo rọ̀bì ti fa àwọn ọ̀dọ́ lọ sí Èkó, àwọn bàbá arúgbó ló ṣẹ́kù sídìí kòkó. Láyé àtijọ́, kí ọyẹ́ tó mú, wọ́n á ro etí oko mọ́ tónítóní kí iná má baà rí nǹkan jẹ kọjá. Ta ni yóò ro ó báyìí? Kòkó tí Nàìjíríà kórè ní 1970/71 ju 300,000 tọ́ọ̀nù lọ. Nígbà tó máa fi di 1983/84, kò tó ìdajì rẹ̀ mọ́. Iná nìkan kọ́ ló fà á, ó ti ń lọ sílẹ̀ tipẹ́. Iná kàn wá parí iṣẹ́ tí àìroko bẹ̀rẹ̀ ni.

Ti Gánà tún burú jù. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1983 yẹn kan náà ni ìjọba Shagari ní kí àwọn àjèjì tí kò níwèé kúrò nílùú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ará Gánà di ẹrù wọn sínú àpò tí a ń pè ní Ghana Must Go dòní. Ilé tí wọ́n ń lọ, iná ń jó o. Ìyàn mú débi pé wọ́n ń pe eegun tó yọ lọ́rùn èèyàn ní ẹ̀wọ̀n Rawlings. Kòkó tí wọ́n kó ní 1983/84 kò ju nǹkan bíi 160,000 tọ́ọ̀nù lọ, bẹ́ẹ̀ ó ti ju 500,000 lọ rí láàárín ọdún 1960 sí 1970.

Èèpo ara igi kòkó fẹ́lẹ́. Iná kò pẹ́ lábẹ́ rẹ̀ tó fi máa ń kú, èyí tí wọ́n bá sì tún gbìn á gba ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kó tó so. Bàbá ẹni àádọ́rin ọdún ò lè máa dúró. Ẹ̀gẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn gbìn sórí eérú, nítorí ẹ̀gẹ́ kì í ju ọdún kan tàbí méjì lọ. Nígbà tí owó kòkó wá gbéra lẹ́yìn tí ìjọba tú ilé iṣẹ́ tó ń ra kòkó ká ní 1986, àwọn tó ṣì ní igi nìkan ló jẹ ẹ́. Àwọn ọmọ tó kù ń bi ara wọn pé ibo gan-an ni ààlà oko bàbá àwọn wà, torí igi tí wọ́n fi ń mọ ààlà ti jóná mọ́ kòkó.