Nígbà Tí Àga Gómìnà Bá Ṣófo: Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ nínú Ìdìbò Ìpínlẹ̀ Oǹdó

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ìbéèrè tí ó gbé mi dé iwájú yín nìyí: nígbà tí gómìnà tí ń bẹ lórí oyè kò bá sí lára àwọn tí ń du ipò, kí ni ó ń yí padà ní agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀?

Ní oṣù keje ọdún 1979, ìjọba ológun ń palẹ̀ mọ́ láti lọ. Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976, kò tíì ní gómìnà alágbádá rí. Olóyè Adékúnlé Ajáṣin, olùkọ́ àgbà tí í ṣe ọmọ Ọ̀wọ̀, ni ẹgbẹ́ UPN fà kalẹ̀, òun náà ni ó sì wọlé. Èyí kò ṣàdédé ṣẹlẹ̀. Ní Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti ṣí ẹgbẹ́ Action Group ní gbangba ní 1951, Ajáṣin sì kó ipa ńlá nínú ìlànà ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ẹgbẹ́ náà. Àwọn olùdìbò mọ ohun tí wọ́n ń dìbò fún.

Ní 1983, Ajáṣin wà lórí àga, ó sì tún du ipò. Igbákejì rẹ̀ àtijọ́, Olóyè Akin Ọmọ́boríowó, ni ẹgbẹ́ NPN fi dojú kọ ọ́. Nígbà tí wọ́n kéde pé Ọmọ́boríowó ni ó wọlé, ìlú dàrú. Ẹ̀mí ṣòfò, iná jó ilé. Ilé-ẹjọ́ ni ó dá Ajáṣin padà.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ọmọ Ọ̀wọ̀ kejì, Amòfin Rótìmí Akérédolú. Ní 2012, ó bá Dókítà Olúṣẹ́gun Mímíkò tí ó wà lórí oyè díje. Ìbò 143,512 ni ó ní, ó ṣe ipò kẹta. Nígbà tí yóò fi di 2016, Mímíkò ti lo sáà méjì, òfin kò sì gbà á láyè mọ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá, Akérédolú ní ìbò 244,842. Èyítáyọ̀ Jẹ́gẹ́dẹ́ ní 150,380. Olúṣọlá Òkè ní 126,889. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá méjèèjì ni ó fọ́ ṣáájú ìdìbò: Òkè kúrò nínú APC, PDP sì ń ba ara rẹ̀ rojọ́ lórí ẹni tí yóò ṣojú rẹ̀. Mo rí i níhìn-ín pé àga tí ó ṣófo a máa tú àwọn tí ìbẹ̀rù alága ti so pọ̀.

Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kí ni ìlẹ̀kẹ̀ náà lè ṣe? Ní ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá ọdún 2020, ọdún mẹ́rin géérégé lẹ́yìn ìdìbò yẹn, àwọn agbébọn pa Olúfọ́n ti Ìfọ́n ní ojú ọ̀nà. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, wọ́n pa ó kéré tán ogójì ènìyàn nínú ìjọ Kátólíìkì Saint Francis ní Ọ̀wọ̀. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni gómìnà nígbà náà, ó sì wà lára àwọn tí wọ́n dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní 2020. Ṣùgbọ́n Àbújá ni ọlọ́pàá àti sójà ti ń gba àṣẹ.

Akérédolú papò dà ní oṣù kejìlá ọdún 2023. Àga náà yóò tún ṣófo lọ́jọ́ kan. Nígbà náà, àwọn ènìyàn yóò béèrè pé, “Ta ni ó kàn?” Ẹ̀bẹ̀ tèmi ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ohun tí ẹni náà fẹ́ ṣe, kí wọ́n sì béèrè bóyá agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ṣe é. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni àwọn baba wa béèrè ní 1979. Ìkejì ni òkú Ọ̀wọ̀ àti Ìfọ́n fi kọ́ wa.