Pápá Ìjẹko Ẹṣin, Àtúnṣe

Ọ̀dàn ni ilẹ̀ Ìgbómìnà láti Òmù-Àrán dé Èsìẹ́. Nǹkan bí oṣù kẹrin sí ìkẹwàá ni òjò rẹ̀. Ẹṣin a máa jẹ koríko dé ìdí, kì í sì í fẹ́ jẹ ibi tó ṣu sí, nítorí náà apá kan pápá a di eruku, apá kejì a di igbó. Láti tún pápá náà ṣe, kí òjò tó dé ni a ń kó ẹṣin kúrò. A kì í fọ́n imí tútù ká pápá rárá, torí ẹyin aràn inú rẹ̀ á pa, aràn á sì tàn ká koríko. Òkìtì ni à ń kó o jọ sí, kí ooru pa ẹyin àti aràn náà, kó sì di ajílẹ̀ oko iṣu. Koríko eèrùwà lè tún hù láti ìdí bí ẹran àti iná bá yàgò fún un ní odidi ìgbà òjò kan. Lẹ́yìn náà, màlúù tàbí àgùntàn ló yẹ kó kọ́kọ́ jẹ ẹ́ ṣáájú ẹṣin, nítorí ọ̀pọ̀ aràn ẹṣin kì í gbé inú wọn.