Ẹ̀rọ Tó Ń Gbèsì

Lọ́jọ́ kan ní kíláàsì, olùkọ́ wa kọ ọ̀rọ̀ kan sójú pátákó: asọ̀rọ̀mágbèsì. Wọ́n ní kí á tú u sí wẹ́wẹ́. Ìyẹn ò le rárá: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a-, lẹ́yìn náà sọ̀rọ̀, má, gba, èsì. Ohun tó ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì. Rédíò nìyẹn. A gba máàkì wa, kálukú wá oúnjẹ lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà tẹ̀ lé mi délé. Ẹ̀yìn Ọjà Tuntun ni ilé wa wà níbí ní Ìlọrin (ẹ má jẹ́ kí orúkọ tàn yín, ọjà náà kì í ṣe tuntun mọ́), ẹ̀rọ kan sì wà nínú ilé náà tó ń gba èsì. Mo wá ń bi ara mi pé báwo ni a ṣe rìn ín tí a fi kúrò lọ́dọ̀ èyí tí kì í gbà á tí a fi dé ọ̀dọ̀ èyí tó ń gbà á. Ìtàn yẹn ni mo fẹ́ sọ.

Kọ̀ǹpútà ni. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń tún fóònù ṣe nínú ọjà, ló fi ẹ̀yà àlòkù tò ó pọ̀ díẹ̀díẹ̀ fún bí ọdún kan. Ó tóbi, ó wúwo, ó ń pariwo bíi fáànù, kò sì kúrò ní pálọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e síbẹ̀. Síbẹ̀, ẹ ó bá ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìnkùlé, lábẹ́ igi máńgòrò, tó ń gbá bọ́ọ̀lù inú kọ̀ǹpútà yẹn lójú fóònù. Fóònù náà ò lágbára tó lè gbé irú gẹ́ẹ̀mù bẹ́ẹ̀. Òun kọ́ ló sì gbé e. Pálọ̀ ni bọ́ọ̀lù ti ń lọ. Àwòrán rẹ̀ nìkan ló gba afẹ́fẹ́ wá bá fóònù. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá wá fi ìka tẹ ojú fóònù, títẹ̀ yẹn á gba ọ̀nà kan náà padà sí pálọ̀, agbábọ́ọ̀lù á sì gbá a. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á rò pé oògùn ni.

Ìyá àgbà ò rò bẹ́ẹ̀. Àwọn ló bí màmá mi, Ìbàdàn ni wọ́n sì ti dàgbà kí wọ́n tó bá ọkọ wá sí Ìlọrin. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún wọn, wọ́n ní, "Bíi Rediffusion nìyẹn." Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo lọ kàwé, mo rí i pé kò yẹ kí n rẹ́rìn-ín.

Oṣù Kejìlá ọdún 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yẹn ní Èkó. BBC ti ń fi ohùn ránṣẹ́ láti Daventry, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sí àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn láti ọdún 1932. Rédíò tó lè gba ohùn yẹn dáadáa wọ́n, kì í ṣe ohun tí gbogbo ilé lè rà. Ni wọ́n bá fi ẹ̀rọ ńlá gbà á sí ojú kan ṣoṣo nínú ìlú, wọ́n sì fi wáyà fà á láti orí òpó kan sí èkejì, títí tó fi wọ ilé ẹni tó bá ń sanwó oṣooṣù. Àpótí lásán tó ní sípíkà nínú ló wà lára ògiri. Ẹ lè mú ohùn rẹ̀ lọ sókè, ẹ sì lè mú un wálẹ̀. Ó parí. Ẹ ò lè yí i sí ibòmíràn. Ìbàdàn rí tirẹ̀ ní 1939, Kánò ní 1944.

Ẹ wò ó dáadáa, ọgbọ́n kan náà ni. Ẹ̀rọ olówó ńlá jókòó síbì kan, èyí tí kò tó nǹkan wà lọ́wọ́ ará ilé, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ti ńlá ló ń jáde lára ti kékeré. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ẹni tó ni ti ńlá, àti pé bóyá ti kékeré lẹ́nu. Nígbà ogun Hitler, ìròyìn ogun ń ti ara ògiri jáde, kò sì sẹ́ni tó lè bi ògiri pé kí ló kan àwa nínú ìjà òyìnbó. Ẹni tó kọ́kọ́ pe nǹkan yẹn ní asọ̀rọ̀mágbèsì, wọ́n ní ó ń júwe ẹ̀rọ ni. Lójú tèmi, ó ń ráhùn ni.

Ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, ọdún 1959, WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, àwòrán wá kún ohùn. Èsì ò sí níbẹ̀ náà. Títí dòní, ẹ lọ sí ilé tí wọ́n ti ń sanwó wo bọ́ọ̀lù lálẹ́ Sátidé, ẹ ó gbọ́ bí àgbà ọkùnrin ṣe ń ké mọ́ rẹfirí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Rẹfirí ò gbọ́.

Níbòmíràn láyé, àwọn kan ti ń wá bí ọwọ́ èèyàn ṣe lè padà lọ bá ẹ̀rọ. Ọjọ́ kan wà tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà kì í gbàgbé, ọjọ́ 9, oṣù Kejìlá, ọdún 1968. Douglas Engelbart jókòó síwájú bí ẹgbẹ̀rún èèyàn ní San Francisco, ó fi ojú kọ̀ǹpútà hàn wọ́n lára ògiri ńlá, ó ń kọ̀wé síbẹ̀, ó ń pa á rẹ́, ó ń fi nǹkan kékeré kan tí à ń pè ní máòsì lónìí tọ́ka. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Menlo Park ló wà, nǹkan bíi kìlómítà 48, ó kù díẹ̀ kó tó láti Ìlọrin dé Ògbómọ̀ṣọ́. Àwòrán ń gba afẹ́fẹ́ wá, títẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ń padà lọ. Fún bí wákàtí kan ààbọ̀, ẹ̀rọ tó wà ní ìlú kejì ń gba èsì.

Ó pẹ́ kó tó dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù. Ní 1998, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí Olivetti ní Cambridge, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ètò kan jáde tí wọ́n pè ní VNC, wọ́n sì fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ò ṣòro: ó ń ṣọ́ ojú kọ̀ǹpútà, ibi tó bá yí padà nìkan ló ń fi ránṣẹ́. Bí mo bá tẹ lẹ́tà kan, ibi kékeré kan ló yí, ibi kékeré yẹn ló lọ. Fún ìwé kíkọ, ó dáa. Fún gẹ́ẹ̀mù, kò ṣe é gbọ́kàn lé, torí bí agbábọ́ọ̀lù bá sáré, koríko sáré, òǹwòran sáré, gbogbo ojú ẹ̀rọ ló yí lẹ́ẹ̀kan.

Ibi yìí ló ti dùn jù fún mi, ẹ gbà mí láyè kí n ṣírò. Ojú ẹ̀rọ tó ní tó-tò-tó àwọ̀ 1920 ní ìbú, 1080 ní òró, tó-tò-tó inú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù méjì. Báìtì mẹ́ta ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà. Ìgbà 60 ni àwòrán ń yí ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ẹ bá sọ gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó tó 373 mẹ́gábáìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo! Kò sí Wi-Fi ilé wa tó lè ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní láti dì í. Dídì ọ̀hún ni pé kí ẹ̀rọ má tún sọ ohun tó ti sọ tẹ́lẹ̀: kò ní ya koríko tuntun, á kàn sọ pé koríko àná ti sún díẹ̀ sápá òsì. Bí wọ́n bá dì í báyìí, 2.5 mẹ́gábáìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan lè tó. Ṣùgbọ́n dídì yẹn náà ní àsìkò. Àwòrán kan ò ju ìdá kan nínú ọgọ́ta ìṣẹ́jú-àáyá lọ kí òmíràn tó dé. Bí ẹ bá pẹ́ níbi dídì, gọ́ọ̀lù á ti wọlé kí ẹ tó rí bọ́ọ̀lù.

Ní 2012 ni Nvidia bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yà kan sínú káàdì àwòrán wọn tí kò níṣẹ́ méjì ju kó máa di àwòrán lọ. Ní 2013, wọ́n gbé Shield jáde, ẹ̀rọ kékeré tí èèyàn lè mú lọ́wọ́ fi gbá gẹ́ẹ̀mù inú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ẹni tó bá ra tiwọn nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Lọ́dún kan náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Case Western Reserve University ní Ohio wo ohun tí kọ̀ǹpútà àti Shield ń bá ara wọn sọ, wọ́n sì kọ́ èdè yẹn. Wọ́n kọ ètò tiwọn tó lè sọ ọ́, kí fóònù èyíkéyìí lè dá sí ọ̀rọ̀ náà. Limelight ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, ó wá di Moonlight. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n o, bíi tèmi tìrẹ. Ní 2014, Steam náà ṣe tirẹ̀ fún àwọn oníbàárà wọn.

Àwọn kan sọ pé kí ló dé tí ẹ fi ń da ara yín láàmú pẹ̀lú kọ̀ǹpútà ilé, ẹ jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ wa. OnLive bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀ ní 2010, ó kú ní 2015. Google gbé Stadia dé ní 2019, wọ́n tì í pa ní oṣù Kìíní 2023. Stadia ò tilẹ̀ fẹsẹ̀ kan Nàìjíríà rí. Ká tiẹ̀ ní ó dé, ẹ wo MainOne, wáyà abẹ́ òkun tó dé Èkó láti Pọ́túgà ní 2010: ó gùn tó kìlómítà 7,000. Ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, bó ti yára tó nínú wáyà yẹn, á lo nǹkan bí ìdá 70 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá láti lọ kó sì bọ̀. Àwòrán mẹ́rin ti kọjá lọ. Láti pálọ̀ dé abẹ́ igi máńgòrò ńkọ́?

Owó dátà náà tún wà níbẹ̀. Wákàtí kan irú àwòrán yẹn jẹ́ gígábáìtì mẹ́sàn-án. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá fi dátà gbá bọ́ọ̀lù láti Sátidé dé Sọ́ńdè, màmá mi á ti ṣọ́ọ̀bù dé. Ṣùgbọ́n nínú ilé, ráútà kékeré ló so fóònù pọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà, kò bá íntánẹ́ẹ̀tì ṣe pọ̀ rárá, kóbọ̀ ò lọ. Iná nìkan ni wàhálà. Bí iná bá lọ, àwòrán á gan sójú fóònù, ẹ̀gbọ́n mi á máa bú ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Ní 2023, Nvidia dẹ́kun ṣíṣe é lórí Shield. Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀ bó bá jẹ́ tiwọn nìkan. Àwọn ẹlòmíràn ti kọ Sunshine, ètò ọ̀fẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ tí ti Nvidia ń ṣe nínú kọ̀ǹpútà. Òun ló wà nínú ti ẹ̀gbọ́n mi, Moonlight ló wà nínú fóònù.

Mo fẹ́ padà sọ́dọ̀ Ìyá àgbà. Àwọn ló dá ṣọ́ọ̀bù aṣọ wa sílẹ̀ ní Ọjà Tuntun kí màmá mi tó gbà á. Ìwé mẹ́fà ni wọ́n kà, wọ́n wà lára àwọn ọmọ tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ ní 1955. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù wọ́n ní ọdún méjì sẹ́yìn. Ọwọ́ ọ̀tún ò gbé nǹkan mọ́, ọ̀rọ̀ sì ń pẹ́ kó tó jáde lẹ́nu. A máa ń wọlé kí wọn, à ń ròyìn ọjà fún wọn, wọ́n á la ẹnu, a ó sì ti dé ẹnu ọ̀nà. Èmi náà ń ṣe é. Àwa la wá di asọ̀rọ̀mágbèsì sí wọn lórí.

Èmi ni mo tẹ ìwé gbèsè màmá mi sínú kọ̀ǹpútà. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi gbé táblẹ́ẹ̀tì àlòkù kan lé Ìyá àgbà lẹ́sẹ̀, ó fi Moonlight sí i, ó ṣí ìwé gbèsè náà, ó ní kí wọ́n máa wò ó kí ojú wọn má sú. A padà sí pálọ̀. A kàn rí i tí atọ́ka bẹ̀rẹ̀ sí í rìn fúnra rẹ̀. Ó rọra ń lọ sísàlẹ̀, ó dúró lórí orúkọ oníbàárà kan láti Ọ̀fà, ẹni tí a kọ síwájú rẹ̀ pé ó ti san tán. Ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́tà kan jáde, ó dúró, òmíràn jáde. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. "Ó ku 15,000. Aṣọ ìsìnkú."

Màmá mi fọwọ́ borí. Wọ́n ní òótọ́ ni, léèsì tí obìnrin náà gbà fún ìsìnkú bàbá rẹ̀, àwọn ò kọ ọ́ síbì kankan. Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n bi Ìyá àgbà léèrè nípa àwọn tó kù, wọ́n sì dúró títí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan fi ń jáde.

Ojú kan ṣoṣo ni kọ̀ǹpútà yẹn ní. Bí Ìyá àgbà bá ń wo gbèsè, bọ́ọ̀lù ò lè lọ. Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ó ní àmì-ayò méjì sí ọ̀kan lòun ti ń na ẹnìkejì òun. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ìrọ̀lẹ́ ti lẹ́ kí wọ́n tó dá a padà fún un.