Bí Ebi Ṣe Sọ Ààtàn Havana Di Oko: Ìtàn àti Ẹ̀kọ́ fún Wa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Òwe yìí la fi bẹ̀rẹ̀ nítorí pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló wà lẹ́nu tolórí tẹlẹ́mù lásìkò yìí. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ, owó ọkọ̀ gbéra, owó ata, tòmátì àti ẹ̀fọ́ sì tẹ̀ lé e. Ẹ béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá aláta èyíkéyìí, ohun tí wọn yóò sọ kò ju pé ọ̀nà jìn, epo sì wọ́n.

Ìlú kan wà tí irú rẹ̀ ti dé bá rí, tí tiwọn tilẹ̀ le ju tiwa lọ. Havana, olú-ìlú Cuba, ni. Epo kò wọ́n lásán níbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá ni. Ohun tí àwọn ará àdúgbò ṣe nígbà náà ni a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí. Ìtàn náà kan àwa ọmọ Yorùbá ju bí a ṣe rò lọ.

Ká tó dé orí bí oko ṣe wọ àárín ìlú, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè ìdí tí Cuba, ilẹ̀ ọlọ́ràá tí òjò ń rọ̀ sí dáadáa, kò fi lè bọ́ ara rẹ̀. Ìrèké ni ìdáhùn. Láti ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún ni àwọn òyìnbó Sípéènì tó ń ṣàkóso ibẹ̀ ti ń fi ìrèké bo ilẹ̀ náà. Iṣẹ́ ìrèké le, ó sì ń fẹ́ ọwọ́ púpọ̀, ni wọ́n bá ń kó ẹrú wá láti Áfíríkà. Ó lé ní 700,000 ènìyàn tí wọ́n kó lọ sí erékùṣù náà kí òwò yìí tó dópin. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí ogun abẹ́lé gba ilẹ̀ Yorùbá kan, àwọn baba àti ìyá wa wà lára àwọn tí wọ́n tà lọ síbẹ̀. Lùkùmí ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọdún 1886 ni oko ẹrú tó dópin pátápátá ní Cuba.

Lórí ọ̀pọ̀ nínú àwọn oko ìrèké wọ̀nyí, ẹrú a máa ní ilẹ̀ kékeré kan tí ó ń dá fúnra rẹ̀. Conuco ni wọ́n ń pè é. Lẹ́yìn iṣẹ́ ọ̀gá, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbin iṣu, àgbàdo, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀gẹ́, wọ́n a sì máa tà nínú rẹ̀ nígbà mìíràn. Oko ńlá jẹ́ ti ọ̀gá, òkè òkun ni èrè rẹ̀ ń lọ. Oko kékeré ni ti ẹnu àti ikùn. Títí di òní, àwọn olórìṣà Cuba ṣì ń se olelé àti ekrú fún òrìṣà, ìyẹn ọ̀lẹ̀lẹ̀ àti ẹ̀kuru wa. Ewé náà ni wọ́n sì ń pe ewé, Osain ni wọ́n sì ń pe Ọ̀sanyìn tó ni ín.

Ìjọba yí padà ní ọdún 1959 nígbà tí Fidel Castro àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gba àkóso, ṣùgbọ́n ìrèké kò yí padà. Nígbà tí Amẹ́ríkà ti ìlẹ̀kùn òwò mọ́ Cuba ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ọ̀dọ̀ Sófíẹ̀tì, ìyẹn ìjọba tí Rọ́ṣíà jẹ́ olórí rẹ̀ nígbà náà, ni Cuba yíjú sí. Sófíẹ̀tì ń ra ṣúgà wọn ní owó tó dára, ó sì ń fún wọn ní epo rọ̀bì, katakata, ajílẹ̀ oníkẹ́míkà àti oúnjẹ. Nígbà tí yóò fi di ìparí àwọn ọdún 1980, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún òwò Cuba pẹ̀lú òkè òkun ló wà lọ́wọ́ Sófíẹ̀tì àti àwọn alájọṣe rẹ̀. Ó ju ìdajì oúnjẹ ará ìlú lọ tó ń ti òkè òkun wọlé. Oko ńlá ṣì ń ṣe ti òkè òkun, bíi ti ayé ẹrú.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1991, Sófíẹ̀tì tú ká. Kò sí ẹni tó ń ra ṣúgà ní iye tó dára mọ́, kò sì sí epo. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Amẹ́ríkà tún mú òfin tí wọ́n fi há Cuba mọ́ le sí i. Àkókò Àkànṣe ni Castro pe ìgbà yìí, ṣùgbọ́n ìgbà ebi ni lójú ará ìlú. Katakata dúró sójú kan, akọ màlúù ló padà sínú oko. Bọ́ọ̀sì kò rìn mọ́, ìjọba ní láti ra kẹ̀kẹ́ ológeere tó lé ní mílíọ̀nù kan láti Ṣáínà. Iná mànàmáná ń lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́. Ènìyàn ń rù. Láàárín ọdún 1992 sí 1993, àìsàn ojú àti iṣan kan kọlu ènìyàn tó lé ní 50,000, àìjẹun tó ṣara lóore sì wà lára ohun tó fà á.

Havana ní nǹkan bí mílíọ̀nù méjì ènìyàn nígbà náà. Bí ẹ̀fọ́ bá tilẹ̀ wà ní ìgbèríko, kí ni yóò gbé e wọ ìlú? Èyí ló mú kí àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀ tó wà nítòsí wọn. Wọ́n wo ààtàn. Wọ́n wo ibi tí ilé ti wó, tí ẹnikẹ́ni kò tún un kọ́. Wọ́n wo ẹ̀yìnkùlé àti òrùlé. Wọ́n kó ìdọ̀tí kúrò, wọ́n sì gbin nǹkan síbẹ̀. Ìjọba kò lé wọn. Ní ọdún 1994, wọ́n dá ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ìlú sílẹ̀ fún Havana. Ẹni tó bá ṣe tán láti dáko lórí ilẹ̀ tó ṣófo yóò gba ilẹ̀ náà lò láìsan owó, láìsan ìṣákọ́lẹ̀, níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń dá a. Wọ́n tún rán àwọn tó mọ iṣẹ́ ọ̀gbìn sí àdúgbò láti kọ́ wọn, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbá ebè rí láyé wọn.

Organopónico ni wọ́n ń pe irú oko tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Níbi tí ilẹ̀ kò bá dára, tàbí tí sìmẹ́ǹtì bá ti bò ó, wọn yóò to búlọ́ọ̀kù tàbí páànù àtijọ́ yí ibì kan ká bí ebè gígùn, wọn yóò sì da erùpẹ̀ tí wọ́n pò mọ́ ajílẹ̀ sínú rẹ̀. Ewé jíjẹrà, ìgbẹ́ ẹran àti ìdọ̀tí ilé ìdáná ni wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀ náà, ekòló ni wọ́n sì ń sìn láti bá wọn lọ̀ ọ́ kúnná. Kò sí owó oògùn kòkòrò, nítorí náà wọ́n ń gbin àgbàdo àti ọkà bàbà sí ìdí ebè kí kòkòrò lè yà síbẹ̀. Wọ́n tún ń lo èso àti ewé igi tí àwa ń pè ní dóńgóyárò. Igi tí à ń sá oòrùn sí abẹ́ rẹ̀, tí à ń fi ewé rẹ̀ ṣe àgbo ibà, òun ni wọ́n fi ń lé kòkòrò lára ẹ̀fọ́ ní Havana.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan nínú àwọn oko yìí. Àdúgbò Alamar wà ní ìlà-oòrùn Havana. Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn ti ń kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì onísìmẹ́ǹtì síbẹ̀ ní ẹgbẹ́ ẹgbẹ́. Ní ọdún 1997, ènìyàn márùn-ún pawọ́ pọ̀ dáko sórí ilẹ̀ kékeré kan láàárín àwọn ilé wọ̀nyí, wọ́n pè é ní Vivero Alamar. Oko náà gbòòrò títí ó fi tó nǹkan bí hẹ́kítà 10, tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sì lé ní 100. Ẹgbẹ́ alájọṣe ni wọ́n, èrè tó bá wọlé, wọ́n jọ ń pín in ni. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àbí?

Ẹ̀gbẹ́ oko yìí náà ni wọ́n ti ń tajà. Létúùsì tí wọ́n gé ní òwúrọ̀, kó tó di ọ̀sán ó ti wà nínú ìkòkò aládùúgbò. Kò gun ọkọ̀, kò sì jẹ epo. Ẹni tó wá ra ẹ̀fọ́ mọ ẹni tó gbìn ín, ó sì lè béèrè ewé tó dára fún inú rírun lọ́wọ́ rẹ̀. Láàárín ìlú tí ebi ti mú kí oníkálukú máa ṣọ́ ohun tirẹ̀, ibi ìpàdé ni oko wá dà.

Kò yẹ ká sọ ìtàn yìí bí àlọ́ tó parí sí ibi tó dùn. Oko àárín ìlú fún Havana ní ẹ̀fọ́, kò fún un ní ìrẹsì, òróró tàbí ìyẹ̀fun. Òkè òkun ni Cuba ṣì ti ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀. Láti ọdún 2021, ọ̀wọ́n gógó tún ti lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará ibẹ̀ kúrò nílùú, àwọn ọ̀dọ́ ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ̀fọ́ nìkan kò lè gbé orílẹ̀-èdè dúró. Ṣùgbọ́n nígbà tí kò sí nǹkan mìíràn, òun ló wà lórí tábìlì.

Ní tiwa, ṣé ohun tuntun ni oko tó sún mọ́ ìlú? Rárá o. Ìlú ńlá làwọn Yorùbá ń gbé láti ìgbà ìwáṣẹ̀, àgbẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọ́n ní oko ẹgàn lọ́nà jíjìn, níbi tí wọ́n ti ń sùn ní abà. Wọ́n sì ní oko etílé, tí ènìyàn lè fẹsẹ̀ rìn lọ lówùúrọ̀ kó sì padà wálé lálẹ́. Ẹ̀yìnkùlé ni ata, ewúro àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà. Bí iṣẹ́ bá pọ̀, àáró àti ọ̀wẹ̀ wà fún un. Àwọn baba wa sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ọ̀nà oúnjẹ bá dí. Nígbà ogun Ìjàyè, láti ọdún 1860 sí 1862, ìyàn tó mú nínú ìlú lẹ́yìn tí Ìbàdàn dí ọ̀nà oúnjẹ mọ́ wọn wà lára ohun tó ṣẹ́gun Kúrunmí àti àwọn ènìyàn rẹ̀. Ọmọ ogun ló dí ọ̀nà Ìjàyè, àìsí epo ló dí ti Havana. Owó epo ló ń dí tiwa díẹ̀díẹ̀ lónìí.

Ohun tí ìtàn yìí kọ́ wa ni pé jíjìnnà tí oúnjẹ jìnnà sí ẹnu tó ń jẹ ẹ́ gan-an jẹ́ gbèsè, ọjọ́ kan sì ni olówó yóò béèrè. Oko etílé wa ti di ilé. A kò lè wó ilé. Ṣùgbọ́n Havana fi hàn pé bí ilẹ̀ tó ṣófo bá wà, tí a kò gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ dá a, tí àwọn aládùúgbò sì fẹ́ ṣe é pọ̀, ẹ̀fọ́ lè hù láàárín sìmẹ́ǹtì. Ẹ wo ilẹ̀ ńláńlá tó wà lẹ́yìn ilé ìwé wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí wa, tí igbó ti bò. Ta ló ni ín? Kí ló ń ṣe níbẹ̀?

Ẹ bi àwọn òbí yín àgbà léèrè ibi tí oko etílé àdúgbò yín wà rí àti ohun tí wọ́n ń gbìn síbẹ̀, kí ẹ sì fi ìdáhùn wọn ránṣẹ́ sí wa. Ó dìgbà kan ná.