Oúnjẹ Nìkan Kọ́: Ìtàn Bí Ara Tó Ti Rù Ṣe Ń Padà Lágbára



Nínú agbo ilé wa, bí ẹnì kan bá dìde lórí àìsàn tó mú un rù gan-an, ọ̀rọ̀ méjì ni gbogbo wa máa ń sọ fún un. Àkọ́kọ́: “Jẹun dáadáa.” Ìkejì: “Má ṣe wàhálà o, sinmi.” Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá ti ń kún, inú wa á dùn, a ó ní ó ti padà sípò. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni náà lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ikùn ti yọ, ojú ti kún, síbẹ̀ kò lè gbé garawa omi láti ìdí kànga dé ẹnu ọ̀nà. Itan rẹ̀ ṣì tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń di ògiri mú kó tó lè dìde. Ìwọ̀n ara ti padà, agbára kò bá a padà.

Kí ló fà á? Ìdáhùn rẹ̀ ní ìtàn, ìtàn náà kò sì jìnnà. Ó fi díẹ̀ lé ní ọgọ́rin ọdún.

Àwọn ọkùnrin 36

Lọ́dún 1944, Ogun Àgbáyé Kejì ń parí lọ, ebi sì ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Yúróòpù. Àwọn oníṣègùn mọ̀ pé bí ìbọn bá dákẹ́, wọn yóò bá ògìdìgbó ènìyàn tí ara wọn ti gbẹ. Báwo ni a ṣe ń bọ́ irú wọn padà? Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n dájú. Ọ̀mọ̀wé Ancel Keys, ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà, pinnu láti wádìí rẹ̀. Ó kó ọ̀dọ́mọkùnrin 36 jọ, àwọn tí ẹ̀rí-ọkàn wọn kò gbà kí wọ́n gbé ìbọn lọ sójú ogun, ṣùgbọ́n tí wọ́n fẹ́ ṣe ọmọ ènìyàn lóore lọ́nà mìíràn. Wọ́n fi ara wọn sílẹ̀ kí wọ́n fi ebi pa wọ́n. Abẹ́ pápá ìṣeré yunifásítì náà ni wọ́n ń gbé.

Ní ọ̀sẹ̀ 12 àkọ́kọ́, wọ́n ń jẹun bó ṣe yẹ, àwọn oníṣègùn sì ń wọn ohun gbogbo lára wọn. Láti oṣù kejì ọdún 1945, wọ́n dín oúnjẹ wọn kù sí nǹkan bí ìdajì: ànàmọ́ òyìnbó, búrẹ́dì, makaróònì, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́. Síbẹ̀ wọ́n gbọ́dọ̀ rin nǹkan bí kìlómítà 35 lọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 24 ni èyí gbà. Ẹni tó wọn nǹkan bí kílò 69 tẹ́lẹ̀ wá ń wọn nǹkan bí 53, ìyẹn ni pé ìdá kan nínú mẹ́rin ara wọn ti lọ. Ẹsẹ̀ wọn wú, òtútù ń mú wọn, ọ̀rọ̀ oúnjẹ nìkan ló kù lẹ́nu wọn. Àwọn mìíràn ń ka ìwé ìdáná bí ẹni ń ka ìwé ìtàn.

Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ wọn ni ẹ̀kọ́ ńlá náà wá yọ. Ìwọ̀n ara padà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rá ló kọ́kọ́ dé, kíákíá, ó tilẹ̀ kọjá ibi tó wà kí ebi tó pa wọ́n. Iṣan ara, èyí tí a fi ń gbé ẹrù tí a fi ń gun òkè, ẹ̀yìn ló ń bọ̀, ó sì ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi àwọn tó kù láàyè nínú wọn léèrè lọ́pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, àwọn kan ní oṣù méjì ni ara àwọn fi padà bọ̀ sípò, àwọn mìíràn ní ó tó ọdún méjì. Ọdún 1950 ni Keys àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde gbogbo rẹ̀ jáde ní ìwé ńlá apá méjì.

Ara tí ebi tàbí àìsàn ti bá jà dà bí onílé tí olè ti kó lẹ́rù. Bí owó bá tún wọlé, àká ni yóò kọ́kọ́ kún, nítorí ẹ̀rù ọ̀la ń bà á. Ọ̀rá ni àká yẹn. Ògiri tó ya, òrùlé tó jó, ìyẹn ń dúró de ẹni tí yóò pe bírìkìlà. Ta wá ni bírìkìlà náà?

Bàtà irin

Ní àkókò kan náà, ọ̀dọ́ dókítà kan tó ń jẹ́ Thomas DeLorme wà ní ilé ìwòsàn àwọn ológun tí wọ́n ń pè ní Gardiner, ní Chicago. Òun fúnra rẹ̀ ti mọ ohun tí ara rírù jẹ́. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ibà làkúrègbé dá a dùbúlẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Nígbà tó dìde, irin ló fi tún ara rẹ̀ kọ́: ó ń gbé e, ó ń fi kún un, títí ó fi di alágbára.

Ilé ìwòsàn náà kún fún ọmọ ogun tí orúnkún wọn fara gbọgbẹ́. Ẹsẹ̀ tí wọ́n ti dè fún ìgbà pípẹ́ ti gbẹ. Ohun tí wọ́n ń ṣe fún wọn nígbà náà ni kí wọ́n máa gbé ohun fúyẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ìwòsàn sì ń falẹ̀. DeLorme yí i padà. Ó so bàtà irin mọ́ ẹsẹ̀ aláìsàn, ó fi ìwọ̀n irin sí i lára tó fi jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá péré ni onítọ̀hún lè gbé e. Bó bá ti ń rọrùn, ó ń fi irin kún un. Iṣan tó ti gbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ padà, ó sì yá ju bí wọ́n ti rò lọ. Ó tẹ àlàyé rẹ̀ jáde lọ́dún 1945. Nígbà tó yá, òun àti dókítà Arthur Watkins sọ ọ́ di ìlànà kúkurú: mẹ́wàá ní ìdajì ẹrù, mẹ́wàá ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, mẹ́wàá ní ẹrù kíkún. Títí dòní, àwọn tó ń gbé irin ṣì ń tẹ̀ lé irú ìlànà yìí.

Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́: díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ohun tí DeLorme fi kún un ni òǹkà: iye ẹrù, iye ìgbà, àti ìgbà tó yẹ kí a fi kún un.

Ẹnì kan lè ní ọ̀dọ́ ni gbogbo àwọn wọ̀nyẹn. Ó dáa. Lọ́dún 1990, dókítà Maria Fiatarone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston mú arúgbó 10, tí ọjọ́ orí wọn tó nǹkan bí 90, wọ́n ní kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ gbé ẹrù tó wúwo fún ọ̀sẹ̀ 8. Àwọn 9 parí rẹ̀. Agbára ẹsẹ̀ wọn fi 174 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta. Iṣan itan wọn náà tóbi sí i.

Kí ni ti wa níbẹ̀?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ ẹni tí ikọ́ ẹ̀gbẹ, ìtọ̀ ṣúgà tàbí iṣẹ́ abẹ ti mú rù. A tún mọ ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ dín ara kù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Kì í ṣe ọ̀rá nìkan ló lọ lára àwọn méjèèjì, iṣan náà lọ. Aládùúgbò á máa sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé “kí ló ń ṣe é?”, ìtìjú á sì lé onítọ̀hún lọ sí ọjà láti ra oògùn ìsanra. Ẹ ṣọ́ra fún un! Òmíràn nínú rẹ̀ ń kó omi àti ọ̀rá sí ojú àti ikùn, ó sì ń ba ohun tó wà nínú ara jẹ́. Àká ló ń kún, ògiri ṣì ya síbẹ̀.

Bírìkìlà kò wọ́n. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan, nítorí náà bídọ́ọ̀nù lítà márùn-ún tó kún jẹ́ kílò márùn-ún. Ẹni tí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà bá ti gbà láyè lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú dídìde láti orí àga láì fọwọ́ ti nǹkan, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Bó bá rọrùn, kó gbé bídọ́ọ̀nù lítà kan dání. Lẹ́yìn náà, méjì. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ tó, kó sinmi láàárín. Kó jẹ ẹ̀wà, ẹyin, ẹja tàbí wàgáṣì, nítorí wọ́n ni bíríkì iṣan. Awọ tó ti nà jù lè má sún kì padà, ṣùgbọ́n iṣan tó wà lábẹ́ rẹ̀ lè kún.

Àwọn ọmọ wa rò pé tìtorí máàkì BEPC ni a ṣe ń kọ́ wọn ní EPS. Ìtàn yìí fi hàn pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá dìde lórí àìsàn nínú ilé yín, ẹ fún un ní oúnjẹ. Bí dókítà bá sì ti gbà, ẹ má gba garawa lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Ẹ bu omi rẹ̀ kù, kí ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀.

Ẹ bá wa pín in dé ọ̀dọ̀ ẹni tó nílò rẹ̀.