Bí Àwọn Odò Ìpínlẹ̀ Colorado Ṣe Gba Ẹ̀tọ́ sí Omi Ara Wọn

Ní ìpínlẹ̀ Colorado, ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí òfin kò fi ka omi tó ń ṣàn lójú odò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ń lò. Àgbẹ̀ tó gbẹ́ kòtò, tó darí omi lọ sí oko, òfin mọ̀ ọ́n. Awakùsà tó fa omi lọ fọ wúrà, òfin mọ òun náà. Èyí tó bá ṣẹ́ kù fún ẹja kò ní olówó, ẹni tó bá sì dé lọ́la lè gbẹ́ kòtò tirẹ̀ kó kó gbogbo rẹ̀ lọ láìjẹ̀bi. Ọdún 1973 ni ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ náà yí ọ̀rọ̀ yìí padà, tí wọ́n ní kí ìjọba máa gba ẹ̀tọ́ omi sílẹ̀ fún odò fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń ròyìn ìtàn yìí máa ń dúró síbẹ̀, bí ẹni pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ parí sí. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Òfin 1973 ì bá ti di ìwé lásán bí ilé ẹjọ́ kò bá dìde ní 1995 láti sọ fún ìjọba pé ohun tí wọ́n fi sí i níkàáwọ́ kì í ṣe tirẹ̀ láti fi tọrẹ.

Ká tó lè mọ bí òfin 1973 ṣe lágbára tó, ó yẹ ká mọ ohun tó bá nílẹ̀. Ilẹ̀ Colorado gbẹ. Yìnyín orí òkè ló ń yọ́ di odò, oko tí kò bá sì rí omi fà kò lè mú nǹkan jáde. Ní 1852, àwọn àgbẹ̀ tó ń sọ èdè Spanish, tí wọ́n ti New Mexico wá, gbẹ́ kòtò omi kan sí San Luis. Kòtò náà ṣì ń gbé omi títí dòní, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ló sì dàgbà jù nínú gbogbo ẹ̀tọ́ omi tí wọ́n ṣì ń lò ní ìpínlẹ̀ náà. Nígbà tí Colorado di ìpínlẹ̀ ní 1876, wọ́n kọ ọ́ sínú òfin ìpìlẹ̀ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ lo omi ló ní í ṣáájú. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dán òfin náà wò. Ilé-iṣẹ́ kan, Left Hand Ditch Company, ti ń fa omi láti odò South St. Vrain gba orí òkè kọjá sí odò mìíràn láti bomi rin oko tó wà níbẹ̀. Ọ̀dá dá ní 1879, ni àwọn àgbẹ̀ tí ilẹ̀ wọn wà létí St. Vrain gan-an bá lọ wó ìdènà omi ilé-iṣẹ́ náà. Wọ́n ní ẹni tó ń gbé etí odò ló yẹ kó ni omi odò. Ní 1882, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ dá wọn lẹ́bi: ẹni tó kọ́kọ́ dé ló ni ín, ì báà jẹ́ ẹ̀yìn òkè ni oko rẹ̀ wà. N kò bá ilé ẹjọ́ náà jà lórí ìyẹn, nítorí ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n ń ṣòfin fún. Àmọ́ láti ìgbà náà ni wíwà létí odò kò ti já mọ́ nǹkan kan mọ́ nínú òfin, ti inú odò kò sì sí nínú ọ̀rọ̀ rárá, nítorí ẹja kì í gbẹ́ kòtò.

Ní 1965, àjọ agbègbè kan, Colorado River Water Conservation District, gbìyànjú láti gba ẹ̀tọ́ omi sílẹ̀ fún ẹja. Ilé ẹjọ́ lé wọn padà: wọn kò fa omi kúrò lójú odò, nítorí náà wọn kò lo nǹkan kan. Àwọn aṣòfin ló tú ìdè yẹn ní 1973. Wọ́n ní omi lè ní ẹ̀tọ́ níbi tó ti ń ṣàn, pé Àjọ Ìtọ́jú Omi ìpínlẹ̀ náà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1937, ni yóò máa di ẹ̀tọ́ náà mú fún ará ìlú, àti pé kò gbọdọ̀ ju ìwọ̀n tó lè dá odò sí dé àyè tó bójú mu. Àjọ agbègbè tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹja ní 1965 ló tún padà wá gbé òfin yìí lọ sí kóòtù, lórí ọ̀rọ̀ odò Crystal, pé ó tako òfin ìpìlẹ̀. Ní 1979, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní kò tàkò ó.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ iye omi tó tó odò? Àwọn òṣìṣẹ́ á wá ibi tí omi kò ti jìn, tó ń sáré kọjá lórí òkúta wẹ́wẹ́, nítorí ibẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń gbẹ, ibẹ̀ náà sì ni àwọn kòkòrò tí ẹja ń jẹ ń gbé. Wọ́n á na okùn ìwọ̀n láti bèbè dé bèbè, wọ́n á wọn bí omi ṣe jìn sí, bó ṣe ń sáré sí, àti bí ilẹ̀ odò tí omi bò ṣe fẹ̀ tó. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ẹja ń dàgbà, omi gbọ́dọ̀ kún ojú ìwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà òtútù, méjì nínú mẹ́ta tó. Nọ́ńbà tó bá jáde ni wọ́n ń gbé lọ sí kóòtù omi, kóòtù á sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìdájọ́. Lónìí, irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ wà lórí odò tí gígùn wọn lápapọ̀ ju 9,000 máìlì lọ.

Àwọn kan ní asán ni gbogbo rẹ̀, nítorí ẹ̀tọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1973 wà lẹ́yìn gbogbo àgbẹ̀ tó ti ń fa omi láti ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú. Bí ọ̀dá bá dá, odò ni yóò kọ́kọ́ gbẹ. Òótọ́ ni apá kan ọ̀rọ̀ wọn. Ohun tí wọn kò kà sí ni pé, ní òfin Colorado, ẹni tó dé kẹ́yìn pàápàá ní ẹ̀tọ́ kí odò wà bó ṣe bá a. Bí àgbẹ̀ àtijọ́ bá fẹ́ gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ sí ibòmíràn, tàbí kó tà á fún ìlú ńlá kan, ó gbọ́dọ̀ fi hàn ní kóòtù pé kò ní pa ẹlòmíràn lára, odò sì ti di ọ̀kan lára àwọn ẹlòmíràn náà. Ọjọ́ tí àgbẹ̀ bá ń ta omi ni omi máa ń kúrò ní àfonífojì pátápátá, ọjọ́ yẹn gan-an sì ni ẹ̀tọ́ odò ń ṣiṣẹ́.

Àtakò kejì wúwo jù ìyẹn lọ. Ní 1987, àwọn aṣòfin fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ gbọn-in pé Àjọ náà nìkan ló lè di irú ẹ̀tọ́ yìí mú; ẹgbẹ́ apẹja tàbí ará ìlú kankan kò lè gba tirẹ̀. Ìdí wọn yé mi. Ẹ̀rù ń bà wọ́n kí àwọn olówó má lọ máa fi orúkọ ẹja gba omi pamọ́, kí wọ́n wá tà á lọ́la. Ṣùgbọ́n bí olùṣọ́ kan ṣoṣo bá sùn, ta ni yóò jí i?

Odò Snowmass, nítòsí Aspen, ló dáhùn ìbéèrè yìí. Ní 1976, Àjọ náà gba ẹ̀tọ́ 12 cubic feet ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan fún odò náà, ìyẹn nǹkan bíi 340 lítà. Kóòtù omi fọwọ́ sí i. Odò yìí kan náà ni wọ́n ń fa omi rẹ̀ láti fi ṣe yìnyín àtọwọ́dá fún eré síkì, tó ń mówó rẹpẹtẹ wọlé fún àdúgbò náà. Ẹ sì wò ó: ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù ni wọ́n nílò omi fún yìnyín, ìgbà náà sì ni odò máa ń fà, nítorí omi òkè ti dì. Nígbà náà náà ni ẹyin àwọn ẹja trout kan tó yé kí òtútù tó dé ń bẹ lábẹ́ òkúta wẹ́wẹ́, tí wọ́n ń retí kí omi máa ṣàn kọjá lórí wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Àjọ náà ní àṣìṣe wà nínú ìṣirò àkọ́kọ́, pé odò kò nílò tó 12 nígbà òtútù, àti pé òun kò ní béèrè gbogbo rẹ̀ mọ́. Ẹgbẹ́ kan, Aspen Wilderness Workshop, gbé e lọ sí kóòtù. Ní 1995, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ dá Àjọ náà lẹ́bi: ará ìlú ló ni ẹ̀tọ́ náà, alágbàtọ́ lásán ni Àjọ, alágbàtọ́ kò sì lè dá nìkan dín ohun tí kóòtù ti kọ sílẹ̀ kù.

Àwọn tó tako ìdájọ́ yìí béèrè pé bí ìṣirò bá ṣàṣìṣe lóòótọ́ ńkọ́, ṣé kí a fi àṣìṣe sílẹ̀ títí ayé ni? Ìbéèrè tó tọ́ ni, n kò sì lè sọ pé nọ́ńbà 1976 kò lè lábùkù. Ohun tó burú ni pé ọ́fíìsì tó gba nọ́ńbà náà lòun nìkan fẹ́ dá a padà, láìpadà sí kóòtù tó fọwọ́ sí i. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1996 yanjú ọ̀rọ̀ yìí dáadáa: Àjọ lè bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dín ẹ̀tọ́ odò kù, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀, kó gbọ́ tẹnu ará ìlú ní gbangba, kó sì padà sí kóòtù omi.

Lórí ìpìlẹ̀ yẹn ni àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ṣe ń bá odò dòwò pọ̀ lónìí. Lẹ́yìn ọ̀dá ńlá ọdún 2002, òfin gbà ní 2003 pé olómi lè yá odò lómi fún ìgbà díẹ̀. Nínú ọ̀dá 2012, ẹgbẹ́ Colorado Water Trust háyà 4,000 acre-feet omi (acre-foot kan ni omi tó lè bo ilẹ̀ éékà kan ní jíjìn ẹsẹ̀ bàtà kan) láti adágún Stagecoach, wọ́n sì tú u sínú odò Yampa tó gba àárín ìlú Steamboat Springs kọjá. Àwọn àgbẹ̀ kan ń bẹ̀rù pé bí omi bá lọ báyìí, kò ní padà wálé mọ́, ìdí nìyẹn tí òfin fi pààlà sí i. Ọdún mẹ́ta nínú mẹ́wàá ni ó gbà láyè tẹ́lẹ̀. Òfin 2020 sọ ọ́ di márùn-ún nínú mẹ́wàá. Bí àkókò náà bá pé, àgbẹ̀ ṣì ni olówó omi rẹ̀.